Ṣé Iṣẹ́ Ọwọ́ Ni Iṣẹ́ Bátànì?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹjọ́ kan ni mo gbé wá bá yín. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kó da ilé wa rú. Báàgì ọgọ́ta ló fà á, pẹ̀lú agolo ọ̀dà mélòó kan àti gbólóhùn kan ṣoṣo tí ọmọ kan sọ fún oníbàárà rẹ̀. Èmi ti dá ẹjọ́ náà lẹ́ẹ̀kan, mo sì tún un dá lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé ti àkọ́kọ́ kò tọ̀nà. Ẹ gbọ́ bó ṣe lọ, kí ẹ̀yin náà lè dá tiyín.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Bódìjà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó sì gba yàrá kan sí Agbówó. Ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ṣe rí fún akẹ́kọ̀ọ́: owó ilé, owó oúnjẹ, owó ọkọ̀, owó ìwé. Dípò tí ì bá fi máa tọrọ lójoojúmọ́, ọmọ náà wá iṣẹ́ kan ṣe. Ó ń ra báàgì aláṣọ funfun, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé kọ́ èjìká, ó ń ya àwòrán sí i lára, ó sì ń tà á. Ní ọjọ́ Sátidé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá rẹ̀ ní Bódìjà ló ń pàtẹ sí.

Bó ṣe ń yà á nìyí. Yóò kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù ya àwòrán sórí pálí, tàbí sórí fíìmù X-ray àtijọ́. Yóò fi abẹ gé ibi tó fẹ́ kí ọ̀dà gbà kọjá, yóò sì fi èyí tó kù sílẹ̀. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni o! Bí ẹ bá gé lẹ́tà "O" yípo láìfi afárá tín-ín-rín sílẹ̀, àárín rẹ̀ á já bọ́, ihò gbàgàdà lẹ óò rí. Bó bá gé e tán, yóò tẹ́ báàgì sílẹ̀, yóò gbé bátànì lé e, yóò fi nǹkan wúwo tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Yóò mi agolo ọ̀dà títí tí ọta inú rẹ̀ á fi máa dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, yóò wá fọ́n ọ̀dà náà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ láti òkèèrè díẹ̀. Bó bá sún mọ́ ọn jù, tàbí tó fọ́n ọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀dà á yọ́ wọ abẹ́ bátànì, àwòrán á sì wú bí ẹnu ẹni tí agbọ́n ta. Mo rí i lọ́jọ́ kan tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́, tó ba báàgì mẹ́jọ jẹ́ kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Inú yàrá ló ti ń fọ́n ọn tẹ́lẹ̀, títí òórùn ọ̀dà fi ń mú un húkọ́. Ẹ̀yìnkùlé ló ń lò báyìí, á sì fi nǹkan bo imú.

Àwòrán tó ń tà jù lọ́wọ́ rẹ̀, ara aṣọ ìyá wa tó ti dolóògbé ló ti wò ó. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni aṣọ náà, Ìbàdàndùn sì ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàndùn á rántí àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929, tí wọ́n tò sórí aṣọ náà, tí wọ́n wá fi ṣíbí sáàárín òpó kan sí èkejì. Ọmọ náà ya òpó àti ṣíbí sórí fíìmù, ó gé e, ó di bátànì. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, báàgì kan ti parí.

Ní Sátidé kan, àǹtí kan wá láti Ring Road. Ìyá rẹ̀ fẹ́ ṣe àádọ́rin ọdún, ó sì ń wá báàgì ọgọ́ta tí yóò fi ta àwọn àlejò lọ́rẹ. Ó gbé ọ̀kan sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò tojú tẹ̀yìn, ó ní, "Èyí mà dára o. Ṣé ọwọ́ lo fi ya gbogbo rẹ̀?"

Ọmọ náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ọwọ́ ni mo fi ń yà á, lọ́kọ̀ọ̀kan."

Wọ́n sọ ọ́ sí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ ló ń tà á fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Agbówó.

Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí oníbàárà ti lọ, ó pè é.

"Kí lo sọ fún àǹtí yẹn?"

"Mọ́mì, kí ni mo sọ tó burú? Ṣebí ọwọ́ mi ni mo fi gé bátànì, ọwọ́ mi náà ni mo fi di agolo mú. Àbí ẹsẹ̀ ni mo fi ṣe é?"

Èmi tí mo jókòó ń ka ìwé ìròyìn, ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní, "Ṣé o rí aṣọ tí o wo àwòrán yẹn lára rẹ̀? Èmi ni mo máa ń jókòó ti ìyá mi tó bá ń yà á. Ìyẹ́ adìẹ ló fi ń yà á. Á kì í bọ inú ẹ̀kọ, á fà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, títí ẹ̀yìn á fi máa ro ó. Ìyẹn ni àwa ń pè ní ọwọ́." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ náà sọ̀rọ̀. Àbí ẹ̀rín nìkan lo wá rín?"

Mo gbè sẹ́yìn ọmọ. Mo sì rò pé ẹ̀rí tí mo ní pọ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Bátànì kì í ṣe àjèjì nínú iṣẹ́ àdìrẹ." Òótọ́ sì ni. Ẹ̀kọ tí wọ́n fi láfún sè, tí wọ́n fi álọ́ọ̀mù sí, ni àwọn aládìrẹ fi ń ya àwòrán. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mu ún. Bí wọ́n bá ti rẹ aṣọ sínú aró èlú, tí wọ́n sá a gbẹ, wọ́n á ha ẹ̀kọ kúrò, àwòrán á sì yọ. Àwọn obìnrin Ìbàdàn lókìkí nínú fífi ìyẹ́ yà á. Ṣùgbọ́n ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin ló ń gé àwòrán sára páànù. Wọ́n á gbé páànù náà lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ ra á lórí, ẹ̀kọ á gba inú ihò rẹ̀ kọjá. Bátànì gan-an ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, látinú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn àgbàlagbà ṣì mọ aṣọ Ọlọ́ba, tó gbòde nítorí ayẹyẹ ọdún karùndínlọ́gbọ̀n tí Ọba George Karùn-ún ti Ìlú Ọba gorí oyè, ní 1935. Ta ló jẹ́ sọ pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni àdìrẹ bátànì?

Mo tún mú wọn rìn jìnnà. Mo ní nínú ihò àpáta kan ní erékùṣù Sulawesi, ní orílẹ̀-èdè Indonesia, àwòrán ọwọ́ ènìyàn kan wà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kéde ní 2014 pé ó ti tó ọdún 39,900, ó kéré tán. Ẹni tó ṣe é gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, ó fọ́n ọ̀dà yí i ká, ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Ibi tí ọ̀dà kò dé ló di àwòrán. Ẹ ò rí i pé kí páànù tó dé, kí pálí tó dé, kí Edward Seymour ará Amẹ́ríkà tó ki ọ̀dà bọ agolo tí ń fọ́n ní 1949, ọwọ́ ènìyàn fúnra rẹ̀ ti ṣe bátànì? Báwo lẹ ṣe máa ya ọwọ́ kúrò lára bátànì nígbà tó jẹ́ ọ̀kan náà ni wọ́n?

Mo fi Banksy kádìí rẹ̀, ọkùnrin ará Ìlú Ọba tí kì í fi ojú hàn, tó ń fi bátànì àti ọ̀dà fífọ́n ya àwòrán sí ara ògiri ìta. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, wọ́n ta ọ̀kan nínú àwòrán rẹ̀, ọmọbìnrin kan pẹ̀lú bàlúùnù, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní iye tó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Bí wọ́n ṣe ń lu gbàǹjo náà tán ni àwòrán ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í ya ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ láti inú férémù. Mi ò gbọ́ kí ẹnì kankan béèrè bóyá iṣẹ́ ọwọ́ ni.

Inú ọmọ náà dùn. Ó ń mi orí bí alángbá. Ìyá rẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó wá ní:

"Ṣé ó tán? Ó dáa. Ta ló bú bátànì? Ṣé mo bú u ni? Ní ọjà Ọjẹ́ nígbà tiwa, tí o bá fẹ́ aṣọ páànù, wọ́n á fún ọ ní aṣọ páànù ní owó páànù. Tí o bá fẹ́ ti ìyẹ́, wàá san owó ìyẹ́. Mi ò béèrè agolo lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò béèrè fíìmù. Ohun tó fi ẹnu rẹ̀ sọ ni mo ń béèrè."

Ẹnu mi wọhò. Gbogbo ẹ̀rí tí mo kó jọ, láti Abẹ́òkúta títí dé Sulawesi, ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò pè ni mo fi ń rò.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ọmọ náà ní ọwọ́ lòun fi ṣe é. Ṣé irọ́ ni? Kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí àǹtí yẹn gbọ́ kọ́ nìyẹn. Ohun tó gbọ́ ni pé ẹnì kan tẹ orí ba, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ya òpó Mápó sára báàgì yìí, ó tún tẹ orí ba, ó ya òmíràn, títí ó fi pé ọgọ́ta. Nítorí náà ló ṣe gbà láti san ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ọmọ náà sì mọ̀ pé ohun tó gbọ́ nìyẹn. Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi yín rèé: òótọ́ tí a dìídì sọ kí ẹlòmíràn lè gbọ́ irọ́, kí ni ká máa pè é? Àwọn kan á ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ni kí wọ́n fi mú mi, kì í ṣe èyí tí ó gbọ́." Bóyá ẹni bẹ́ẹ̀ lè jàre ní kóòtù. Mi ò rò pé ó lè jàre lójú ẹni tó ti bá a dòwò pọ̀.

Ìbàdàn wa yìí ti mọ ohun tí bátànì jẹ́ tipẹ́. Bí ẹ bá dé Dùgbẹ̀, tí ẹ gbójú sókè wo Ilé Kòkó tí gbogbo wa ń pè ní Àwòṣífìlà, ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ṣí ní 1965, ẹ rántí pé àpò kòkó ló bí i. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó fún ìjọba ṣì wà, kí wọ́n tó tú u ká ní 1986, wọ́n á yẹ kòkó wò, wọ́n á sọ irú gírédì tó jẹ́, wọ́n á sì fi bátànì kọ ọ́ sí ara àpò. Òyìnbó tí yóò fi kòkó náà ṣe ṣokoléètì kò mọ àgbẹ̀, kò mọ oko, kò sì sí níbi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àmì ara àpò ló gbà gbọ́. Ṣé ẹ rí i báyìí pé ìbúra ni bátànì? Bí ẹnì kan bá fi bátànì gírédì kìn-ín-ní tẹ àpò kòkó tó bu, bátànì kọ́ ló purọ́. Ọwọ́ tó gbé e lé àpò ló purọ́.

Irú ọ̀ràn yìí náà ló ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn aláró Abẹ́òkúta ní àwọn ọdún 1930. Aró òyìnbó àti sódà dé, iṣẹ́ yá, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ń ké pé aṣọ ń ṣá, ó sì ń tètè gbó. Aláké fòfin de àwọn èròjà tuntun náà. Àwọn aláró kò gbà, wọ́n jà fún ẹ̀tọ́ wọn láti lò wọ́n, ọ̀rọ̀ náà sì di ti ìgbìmọ̀ ìwádìí ní 1936. Mi ò ní dá wọn lẹ́bi pé wọ́n gba ohun tuntun. Èwo ni kò tuntun rí? Àmọ́ ẹni tó ra aṣọ tó retí pé kó pẹ́, tó sì gbó mọ́ ọn lára, ta ni kó bi? Ibẹ̀ ni mo rò pé ìdáhùn ìbéèrè wa wà. Kì í ṣe ohun tí ọwọ́ dì mú ló ń sọ iṣẹ́ di iṣẹ́ ọwọ́, ì báà ṣe ìyẹ́, ì báà ṣe páànù, ì báà ṣe agolo. Iṣẹ́ ọwọ́ ni iṣẹ́ tí ẹnì kan dúró tì, tó lè sọ pé, "Èmi ni mo ṣe é, bí mo ṣe ṣe é nìyí, èmi ni kí ẹ bi." Banksy gan-an tó ń fi ojú pa mọ́ ní ọ́fíìsì kan tó ń sọ pé, "Eléyìí ni tirẹ̀, tọ̀hún kì í ṣe tirẹ̀." Àwọn ayàwòrán tó ń fi orí àwo kan tẹ àwòrán púpọ̀ sórí ìwé ní àṣà tí mo fẹ́ràn: wọ́n á fi pẹ́ńsù kọ 3/50 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á buwọ́ lù ú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, "Àádọ́ta ni mo ṣe, ìkẹta lo mú dání." Kò sí ẹni tó kó sí wàhálà rí nítorí pé ó kọ ọ́.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní tí ọwọ́ ìyá wa bá ṣì lórí aṣọ kan, aṣọ kan náà ló bà jẹ́, á tún un ṣe lórí èyí tó kàn. Ṣùgbọ́n bí àṣìṣe bá wà lára bátànì, ọgọ́ta báàgì ni yóò gbé e. Ó wá bi ọmọ rẹ̀ léèrè pé, "Ìgbà mélòó lo ti sọ fún oníbàárà pé ọwọ́ lo fi ń yà á?" Ọmọ náà ronú títí. Kò lè ka iye rẹ̀. Ó ní òun kò tilẹ̀ ń ronú sí i mọ́ kí òun tó sọ ọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ bí? Irọ́ náà bátànì ni. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni à ń gé e, tí ọwọ́ á máa gbọ̀n díẹ̀, tí ọkàn á máa sọ pé "ṣé kí n sọ ọ́ àbí kí n má sọ ọ́". Lẹ́yìn ìyẹn, à ń gbé e lé ẹni tó bá dé ni, á sì máa jáde bákan náà.

Kí n má tan yín jẹ, ọmọ náà nìkan kọ́. Bí ọdún bá dé, mo máa ń kọ àdúrà kan sórí fóònù, màá fi ránṣẹ́ sí bí ọgọ́rùn-ún èèyàn. "Mo rántí rẹ lónìí," bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń kọ ọ́. Ní ọdún tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú pè mí lórí fóònù. Ó ní òun dúpẹ́ gan-an, pé ní ọjọ́ náà òun rò pé kò sẹ́ni tó rántí òun. Mo gba ìdúpẹ́ náà. Kí ni ǹ bá wí? Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò rántí rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló wà nínú fóònù. Èmi tí mo ń fi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, bátànì tèmi wà lápò.

Ẹ ó bi mí pé báwo ni ọ̀rọ̀ báàgì ṣe já sí. Ọmọ náà bínú lọ sí Agbówó. Ní ọjọ́ Ajé, ó pe àǹtí náà, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, bátànì ni mo fi ń ṣe é o. Mo fi ọwọ́ mi gé bátànì náà, ọ̀dà ni mo wá ń fọ́n sí i. Ara aṣọ ìyá màámi ni mo ti wo àwòrán náà." Àǹtí náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "O ṣeun tí o sọ ọ́." Ó wá ní kí ó ṣe ogójì péré, ní ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: owó tí ì bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ojìlúgba náírà di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Ó sì ti ra ọ̀dà sílẹ̀ fún ọgọ́ta.

Ó wá bá mi, ojú rẹ̀ korò. Ó ní, "Àńkù, ẹ wò ó bí òtítọ́ ṣe jẹ mí lówó." Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Bí mo bá sọ fún un pé àǹtí náà á padà wá pẹ̀lú oníbàárà mẹ́wàá, irọ́ ni mo máa pa, torí mi ò mọ̀. Ohun tí mo sọ kò ju pé nígbà tó bá rí àǹtí náà ní Dùgbẹ̀ tàbí ní Challenge, kò ní yà sẹ́yìn mọ́tò.

Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí ohun kan lára ogójì tó ṣe. Ìyá wa a máa ya ẹsẹ̀ ẹyẹ kékeré kan sí etí aṣọ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé tirẹ̀ ni. Lẹ́yìn tí ọ̀dà gbẹ, ọmọ náà fi búrọ́ọ̀ṣì ya ẹsẹ̀ ẹyẹ náà sí ìgun báàgì kọ̀ọ̀kan, láìlo bátànì. Kò sí ìkankan nínú wọn tó jọra. Àwọn kan wọ́ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wò wọ́n, kò sọ nǹkan kan. Ó kàn mú ọ̀kan, ó ju ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ sórí tábìlì. Ọmọ náà ní, "Mọ́mì, ẹ má sanwó o." Ó ní, "Gba owó rẹ jàre. Mo mọ ohun tí mo rà."

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ yẹn mọ bí a ṣe ń fi agolo ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ohun tí ìyá wa ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣe, mi ò sì fẹ́ kó jù ú nù. Ìyá rẹ̀ mọ ohun tí agolo kò lè ṣe fún un.

Èmi ti dá ẹjọ́ tèmi. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, bí ẹnu bá ti gbà láti sọ bí ọwọ́ ṣe ṣe é. Ó ku tiyín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá a, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ bọ àpò yín ná, kí ẹ wo bátànì tó wà níbẹ̀.